Bí a ṣe ń kọ ìwé ẹ̀fọ́rí lẹ́yìn tí a forí gbá, àti bí a ṣe ń gbé e wọ inú ìwádìí

Aránṣọ ni mí. Kẹ̀kẹ́ òwú kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí wọ abẹ́ tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Mo ti gbàgbé pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè orí mi ṣì wà ní ṣíṣí. Bí mo ṣe gbérí, igun ilẹ̀kùn náà gbá mi ní àtàrí. Ojú mi ṣú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí aṣọ ẹni tí mò ń rán. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Wọ́n yẹ̀ mí wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán orí mi, wọ́n ní àwòrán náà ò fi nǹkan kan hàn, kí n máa lọ sinmi. Ní ọjọ́ kejì ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ó fọ́ mi fún ohun tó ju ọdún kan lọ.

Bí irú rẹ̀ bá ti ṣe yín rí, ẹ ó ti gbọ́ ọ títí tó fi sú yín: "Ṣebí àwòrán ò rí nǹkan kan?" Àwòrán CT ń wá ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí àti egungun tó sán. Nínú ìfarapa ọpọlọ tí kò le, kì í sábà rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìrora náà á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí dókítà máa gbé sí yín lórí tí á fi ka ẹ̀fọ́rí jáde. Ẹnu yín ni ẹ̀rí rẹ̀ ti ń wá. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìwé tí ẹ bá kọ, tí ẹ kọ ọ́ dáadáa, ni nǹkan tó wúlò jù tí ẹ lè gbé lọ bá dókítà, òun kan náà sì ni àwọn olùwádìí ń lò láti mọ̀ bóyá oògùn kan ń ṣiṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ lọ́nà tí kò dára, mo sì ti kọ ọ́ lọ́nà tó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é.

Kí ẹ tó mú bírò

Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìwé kíkọ ò kàn án. Bí ẹ̀fọ́rí bá ń le sí i láti wákàtí kan dé òmíràn. Bí ẹni náà bá ń bì léraléra. Bí oorun bá ń gbé e lọ tí a ò sì lè jí i dáadáa. Bí gìrì bá mú un, bí ọ̀rọ̀ bá ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé rọ. Bí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ. Bí omi tó mọ́ gaara bá ń jáde ní imú tàbí ní etí. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má dúró de àmì kankan; tó bá ti forí gbá nǹkan, kó lọ. Ẹ sọ gbogbo èyí fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé, nítorí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ farapa lè má mọ̀ pé òun ti ń ṣe ségesège.

Ojú ewé àkọ́kọ́

Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé yín, ti ọjọ́ tí ẹ farapa ni. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago. Ẹ kọ ohun tó gbá yín àti ibi tó ti gbá yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ rántí kẹ́yìn kó tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ẹ kọ́kọ́ rántí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ẹ dákú? Fún ìṣẹ́jú mélòó? Èyí gan-an, ẹ má dá a kọ; ẹ bi ẹni tó wà níbẹ̀. Èmi gbà pé ara mi dá ṣáká lẹ́yìn tí mo jókòó tán. Ọmọṣẹ́ mi ló sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi òun léèrè ohun kan náà, tí òun sì dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wá kọ ọjọ́ tí ẹ̀fọ́rí bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìwé tí International Headache Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀fọ́rí lágbàáyé, fi ń pín ẹ̀fọ́rí sí ìsọ̀rí, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ kẹta jáde ní 2018, sọ pé kí a tó lè gbà pé ìfarapa orí ló fa ẹ̀fọ́rí kan, ó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí ìgbà tí orí gbá, tàbí sí ìgbà tí ẹni tó dákú jí, tàbí sí ìgbà tó dáwọ́ oògùn tí kò jẹ́ kó mọ ìrora dúró. Tí kò bá tíì ju oṣù 3 lọ, ìsọ̀rí kan ni. Tó bá ti ju oṣù 3, ó ti di èyí tí kò fẹ́ lọ, àwọn tó ní irú èyí sì ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ń wá. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọjọ́ kẹrin ni tàbí ọ̀sẹ̀ kẹta lè pàdánù àyè rẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan.

"Ìfarapa tí kò le" náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ méjì, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, ní ìlú Glasgow ní Scotland, ló gbé òṣùwọ̀n náà jáde ní 1974: wọ́n ń wo bí ojú ṣe ń là, bí ẹni náà ṣe ń sọ̀rọ̀, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń gbọ́ àṣẹ, wọ́n á sì fún un ní iye kan láti 3 dé 15. Ẹni tó bá gba 13 sí 15, tí kò dákú ju 30 ìṣẹ́jú lọ, tí ìgbàgbé rẹ̀ ò sì pé wákàtí 24, ìfarapa tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní èyí tí kò le. Mo bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Èmi tí mi ò lè jókòó ti maṣíìnì fún wákàtí kan, wọ́n ní tèmi ò le! Ó pẹ́ kó tó yé mi pé wákàtí àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀n, pé kò sọ nǹkan kan nípa bí oṣù kẹfà ẹni ṣe máa rí.

Nísàlẹ̀ ojú ewé yẹn, ẹ kọ bóyá orí máa ń fọ́ yín tẹ́lẹ̀, àti bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ní túúlu, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní migraine. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ẹ̀rù pé wọ́n á ní ti tẹ́lẹ̀ ló ń dà yín láàmú. Ẹni tí orí ti ń fọ́ tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tí ẹ̀fọ́rí ìfarapa máa ń pẹ́ lára wọn jù, àwọn olùwádìí sì fẹ́ mọ̀.

Ìlà ojoojúmọ́

Ìwé kékeré tó wọ àpò ni mo lò. Mo fi òwú so pẹ́ńsù mọ́ ọn, mo sì so òwú náà mọ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì mi, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá ní láti wá pẹ́ńsù nígbà tí orí ń fọ́ mi, mi ò ní kọ nǹkan kan. Ẹ lè lo fóònù, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìrora bá ga, iná ojú fóònù lè jẹ́ ọ̀tá. Èmi fẹ́ràn ìwé.

Ìlà kan ni fún ọjọ́ kan. Aago tí ẹ̀fọ́rí bẹ̀rẹ̀, aago tó dáwọ́ dúró. Bó ṣe le tó. Ibi tó ti ń fọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni tàbí méjèèjì. Ṣé ó ń lù kìkì bí ìgbà tí ọkàn ń lù, àbí ó ń fún orí mọ́ra bí ohun tí a fi okùn dì? Ṣé ó ń le sí i tí ẹ bá rìn tàbí tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn? Ṣé ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ń dà yín láàmú? Ṣé èébì ń gbé yín? Ẹ̀fọ́rí tó tẹ̀lé ìfarapa kò ní ojú kan pàtó tí a fi ń dá a mọ̀. Ojú túúlu ló sábà máa ń gbé wọ̀, tàbí ojú ẹ̀fọ́rí tó ń fún orí mọ́ra, nígbà mìíràn méjèèjì lára ẹnì kan náà. Àwọn ìbéèrè yìí ni dókítà fi ń mọ èyí tó jọ, nítorí títí di ìsinsìnyí, oògùn tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ túúlu àti àwọn ẹ̀fọ́rí mìíràn ni wọ́n ń fún wa. Ìdí sì nìyẹn tí a fi nílò ìwádìí tiwa.

Nípa bó ṣe le tó, 0 sí 10 ni wọ́n ní kí n máa lò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 6 mi ti òwúrọ̀ kì í ṣe 6 mi ti alẹ́. Mo wá fi iṣẹ́ mi ṣe òṣùwọ̀n. 3: ó ń fọ́ mi, ṣùgbọ́n mò ń ránṣọ lọ. 5: mo lè rán ibi tó gùn gbọnrangandan, ṣùgbọ́n mi ò lè gé aṣọ, torí mi ò fọkàn tán ojú mi. 7: mo ti kúrò nídìí maṣíìnì. 9: mo wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀. Mo kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé, mi ò sì yí i padà rárá. Ẹ wá tiyín nínú iṣẹ́ tiyín. Olùkọ́ lè fi ìwé àwọn ọmọ tó lè máàkì ṣe é, awakọ̀ lè fi bí ojú títì ṣe ń rí lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí orí ò bá fọ́ yín, ẹ kọ 0. Ẹ dákun. Àyè òfìfo ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ara yín le ni o, tàbí ẹ gbàgbé, tàbí orí fọ́ yín débi tí ẹ ò lè gbé pẹ́ńsù.

Ẹ fi oorun kún un, wákàtí mélòó, ṣé ẹ jí lóru. Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, kó fi àmì sí àwọn ọjọ́ náà.

Oògùn ní àyè tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fojú sí ibí yìí. Ẹ kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, aago tí ẹ lò ó, títí kan èyí tí ẹ lò fún ẹ̀yìn dídùn tàbí ọ̀fìnkìn. Oògùn tí ń pa ìrora, tí a bá ń lò ó jù, ó lè di ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí. Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí: ẹni tó bá ń lo oògùn ìrora tí kò ní àdàlù, bíi paracetamol tàbí ibuprofen, ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù 3, tàbí tó ń lo triptan (oògùn túúlu), opioid (oògùn ìrora tó lágbára, bíi tramadol), tàbí àwọn oògùn alápòpọ̀, ní ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù. Ọjọ́ ni wọ́n ń kà o, wọn kì í ka hóró. Èmi ń fi hóró kan kan tù ara mi lára, mo rò pé mò ń ṣọ́ra. Nígbà tí mo ka ọjọ́ náà nínú ìwé mi, ọjọ́ 17 ni nínú 28. Tí tiyín bá pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣàdédé já a dà nù fúnra yín. Àwọn oògùn mìíràn wà tí ó léwu láti dá dúró lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ti sọ pé mo ti kọ ọ́ lọ́nà tí kò dára. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ní ìwé náà láti kọ, nítorí ìwádìí oògùn kan tí mo fẹ́ wọ̀, mo fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà lọ, mo jókòó lálẹ́, mo fi bírò kan náà kọ ọjọ́ 14 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: 6, 6, 7, 6, 6. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìwádìí náà ṣí i, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, ìgbà wo lẹ kọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?" Mi ò lè purọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí ní ohun tí mo jẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mi ò rántí. Ó ní, "Ẹ ò rántí oúnjẹ tẹ́ ẹ fọwọ́ yín sè, ẹ wá rántí ìrora?"

Ó ṣàlàyé fún mi pé ìrora tó wà lára ẹni lónìí ló ń kun ti àná. Ẹni tí orí ń fọ́ nígbà tó ń kọ̀wé á rí gbogbo ọ̀sẹ̀ náà bí ọ̀sẹ̀ ẹ̀fọ́rí. Ẹni tí ara rẹ̀ le lónìí á ní kò burú púpọ̀. Tí ènìyàn mélòó kan bá kọ irú ìwé tí mo kọ yẹn nínú ìwádìí kan, oògùn tó dára lè dà bí èyí tí kò ṣiṣẹ́, èyí tí kò ṣiṣẹ́ sì lè dà bí oògùn gidi, wọ́n á sì wá fi fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Mo ronú nípa ìyẹn nígbà tí mò ń lọ sílé. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tí kò na téèpù, tó ní òun rántí ìwọ̀n oníbàárà, á gé aṣọ aláṣọ kù. Láti ọjọ́ náà, kí n tó sùn ni mò ń kọ ọ́. Ọjọ́ tí mo bá sì gbàgbé, mo máa ń kọ "mo gbàgbé." Àǹfààní wà nínú "mo gbàgbé", kò ba ohunkóhun jẹ́.

Ẹ kọ ọ́ fún ọjọ́ 28, ó kéré tán, kí ẹ tó ní ẹ fẹ́ wọ inú ìwádìí kankan. Iye ọjọ́ yẹn ni àwọn olùwádìí ẹ̀fọ́rí sábà máa ń lò láti mọ bí ara ẹni ṣe rí kí oògùn tó wọ̀ ọ́. Wọ́n tún lè fún yín ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní HIT-6: ìbéèrè 6 lórí bí ẹ̀fọ́rí ṣe ń dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ wà láàárín 36 sí 78. Ẹni tó bá gba 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọ́rí ti gba ayé rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ gidi. Èmi gba 66.

Wíwá ìwádìí tó bá yín mu

Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀fọ́rí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí ClinicalTrials.gov, tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣí fún gbogbo ènìyàn láti ọdún 2000. Ìwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní ojúlé kan, ICTRP, tó kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀. Ẹ tẹ "post-traumatic headache", ìyẹn ẹ̀fọ́rí tó tẹ̀lé ìfarapa, tàbí "concussion", ìyẹn ìfarapa ọpọlọ tí kò le. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá wọ́n ṣì ń gba ènìyàn, torí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ máa rí ti parí.

Ẹ wá ka àwọn ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọjọ́ orí, iye oṣù láti ìgbà ìfarapa, iye ọjọ́ ẹ̀fọ́rí lóṣù, oògùn tí kò gbọ́dọ̀ sí lára. Ẹ gbé ìwé yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi wé e. Wọ́n kọ́kọ́ dá mi padà nítorí ọjọ́ oògùn 17 yẹn, ó sì dùn mí púpọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n yọ ọjọ́ díẹ̀ kúrò. Mo dúpẹ́ pé mi ò ṣe é. Dókítà bá mi dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀, ó sì nira, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló burú jù. Nígbà tí mo tún kọ ọjọ́ 28 mìíràn, ọjọ́ ẹ̀fọ́rí mi ti kúrò ní 22, ó ti di 16. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbà mí wọlé.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Wọ́n máa fún yín ní ìwé ìfọwọ́sí. Ẹ má fọwọ́ sí i lórí ìjókòó. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ kà á pẹ̀lú ẹni tí ẹ fọkàn tán, pàápàá bí ìwé kíkà bá ń mú orí fọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á sí yín létí. Ìkéde Helsinki, tí World Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé, kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní 1964, jẹ́ ìlànà fún àwọn dókítà káàkiri ayé pé ìlera ẹni tó kópa ló ṣáájú ohun tí ìwádìí fẹ́ mọ̀. Ẹ lè kọ̀. Ẹ lè kúrò nígbàkigbà, láìsọ ìdí, ìtọ́jú yín ò sì gbọ́dọ̀ yí padà nítorí rẹ̀.

Ẹ béèrè ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀: Ìgbìmọ̀ wo ló yẹ ìwádìí yìí wò tó sì fọwọ́ sí i? Ewu wo ni ẹ mọ̀ nípa oògùn náà? Oògùn wo ni mo lè lò tí orí bá fọ́ mi gan-an? Ta ni mo máa pè lóru? Tí ara mi bá bàjẹ́ nítorí ìwádìí, ta ló máa tọ́jú mi? Ṣé ẹ máa sọ ohun tí mo gbà fún mi tó bá parí? Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró ná, ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa.

Ohun tó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn jù ni pílásíbò, ìyẹn hóró tàbí abẹ́rẹ́ tó jọ oògùn ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tó máa gba oògùn àti ẹni tó máa gba pílásíbò. Dókítà yín ò mọ èyí tó kàn yín, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ó ṣe mí bí ìrẹ́jẹ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Àpẹẹrẹ kan ló jẹ́ kó yé mi. Èròjà kékeré kan wà tí iṣan ìmọ̀lára inú orí máa ń tú jáde, orúkọ rẹ̀ ni CGRP. Àwọn olùwádìí ní Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark, fa èròjà yìí sí ara ènìyàn 30 tí ẹ̀fọ́rí ìfarapa ò fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n fa pílásíbò sí ara àwọn kan náà. Lọ́jọ́ CGRP, ẹ̀fọ́rí tó jọ túúlu bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn 21. Lọ́jọ́ pílásíbò, ó bẹ̀rẹ̀ lára 6. Ẹ wo 6 yẹn. Kò sí nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n fà sí wọn lára, orí sì fọ́ wọn. Ká ní wọn ò fi pílásíbò sí i ni, wọn ì bá ka àwọn 6 yẹn mọ́ iṣẹ́ CGRP.

Àwọn olùwádìí ìlú kan náà tún fún ènìyàn 100 ní erenumab, abẹ́rẹ́ tó ń dí ọ̀nà CGRP. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Ọjọ́ ẹ̀fọ́rí wọn dínkù, inú mi sì dùn nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ pé oògùn làwọn ń gbà, kò sí ẹgbẹ́ pílásíbò tí a lè fi wọ́n wé. Ẹni tó wọ inú ìwádìí sábà máa ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ara rẹ̀ burú jù, ara náà ì bá sì ti sàn díẹ̀ láìsí oògùn kankan. Nítorí náà, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń fi ọ̀nà hàn ni. Kò tíì dé ibi tí a ń lọ.

Nígbà tí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀

Ẹ lo oògùn bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó, ẹ má gbìyànjú láti mọ èyí tó kàn yín, ẹ má sì tú hóró rẹ̀ tọ́ wò. Gbogbo ohun tó bá ṣe yín, ẹ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ rò pé kò kan oògùn náà: ara yíyún, ìṣubú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun láìsọ fún wọn.

Àwọn kan á ní kí ẹ máa dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn títí orí á fi sàn. Èmi ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo jáde níbẹ̀ tí ara mi kò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìsinmi díẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48 ló yẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dúró kó tó di pé ìrora ga gan-an. Dókítà John Leddy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, dán èyí wò lára àwọn ọ̀dọ́ tó farapa níbi eré ìdárayá, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019: ìdajì àwọn tó ń ṣe eré ìmárale tí kò le púpọ̀ ti sàn nígbà tó fi di ọjọ́ 13, ti àwọn tó kàn ń na ara wọn lásán jẹ́ ọjọ́ 17. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ìfarapa wọn sì ṣì tutù, mi ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí fún èmi tó ti lé ní ọdún kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rírìn nígbà tí ìwádìí ń lọ, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà ka iṣẹ́ ẹsẹ̀ yín mọ́ ti oògùn.

Lẹ́tà mi dé lẹ́yìn tí gbogbo wa ti parí. Pílásíbò ni mo gbà. Ọjọ́ ẹ̀fọ́rí mi ti kúrò ní 16, ó ti di 11. Mo pe nọ́ọ̀sì náà, mo ní ṣé àwàdà ni mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí ni, ṣé kò sí ohun tó ń ṣe mí tẹ́lẹ̀? Ó ní rárá, Mọ̀mí. Ó ní ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ wà nínú 11 yẹn, oògùn tí mo dínkù wà nínú rẹ̀, ìrètí wà nínú rẹ̀, àti pé gbogbo ìwọ̀nyí wà lára àwọn tó gba oògùn gidi náà. Ìwé mi ni wọ́n máa fi wọn ohun tí ì bá ti ṣẹlẹ̀ láìsí oògùn, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò lára tiwọn, kí wọ́n rí ohun tó kù.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì. Pẹ́ńsù náà ṣì wà níbi tí mo so ó mọ́. Lánàá mo kọ 3, mo sì parí aṣọ tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lónìí, títí di àsìkò yìí, 0.